Bí kámẹ́rà Yashica Electro 35 ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọdún 1966 ni wọ́n gbé Yashica Electro 35 jáde ní Japan, kámẹ́rà fíìmù onírin ni, ó wúwo lọ́wọ́, léǹsì 45mm f/1.7 tó wà lára ẹ̀ ò sì ṣeé yọ. Ihò tí wọ́n ń yọjú sí kì í gba inú léǹsì kọjá rárá o, ó dá wà lókè, torí ẹ̀ lèèyàn ṣe lè gbàgbé ìdérí sójú léǹsì kó ṣì máa rí gbogbo nǹkan kedere.

Tí wọ́n bá yọjú síbẹ̀, àmì yẹ́lò kékeré kan wà láàárín, inú ẹ̀ ni nǹkan ti ń di méjì. Ojú méjì tó wà níwájú kámẹ́rà ló ń fà á, ọ̀kan ń mú àwòrán wá tààrà, gíláàsì kan ló ń darí ti èkejì wá bá a, wọ́n sì ti so ìyẹn mọ́ òrùka léǹsì, torí náà bí wọ́n bá ṣe ń yí òrùka ni àwòrán kejì á máa sún. Kí wọ́n wá òpó iná tàbí etí fèrèsé, tí ìlà méjèèjì bá ti di ẹyọ kan, léǹsì ti mú nǹkan náà nìyẹn, àwòrán ẹ̀ á mọ́ kedere.

Ibi ìmọ́lẹ̀ gan-an lọgbọ́n ẹ̀ pọ̀ sí. Ẹni tó ń yà á ló máa yan bí ihò léǹsì ṣe máa fẹ̀ tó, kámẹ́rà á wá yan àkókò tí ìmọ́lẹ̀ á fi wọlé fúnra ẹ̀: mágínẹ́ẹ̀tì kan á di ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ara fíìmù, mú ní ṣíṣí, ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tó lá jù ú sílẹ̀, ó lè jẹ́ 1/500 sẹ́kọ́ńdù, ó lè tó 30 sẹ́kọ́ńdù. Tí wọ́n bá rọra tẹ bọ́tìnnì tí iná pupa tàn, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, tó bá jẹ́ yẹ́lò, ṣọ́tà máa pẹ́ ní ṣíṣí ju 1/30 sẹ́kọ́ńdù lọ, kí wọ́n yáa gbé e lé nǹkan kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n.

Bátìrì mercury 5.6V tó ń lò tẹ́lẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, 6V ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ báyìí, tí wọ́n á fi nǹkan dí àyè tó bá kù. Tí ò bá sí bátìrì, 1/500 nìkan ló mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó tẹ́tí dáadáa, tó bá fa ọwọ́ tó ń yí fíìmù, ó yẹ kó gbọ́ kọ̀ọ́ nínú ẹ̀. Tí ò bá dún, rọ́bà kékeré kan ló ti jẹrà níbẹ̀, iná méjèèjì yẹn ò ṣeé gbára lé mọ́ títí wọ́n á fi tú u pààrọ̀ ẹ̀.