Ìdíje Stawell: Bí Ọgbọ́n Ẹṣin Ṣe Di Ti Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Lọ́jọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Stawell, ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àwọn sárésáré máa ń tò sórí pápá oníkoríko láti sá mítà 120. Ẹni tó bá ń rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé wọn ò tíì tò tán, nítorí wọn kì í dúró sójú kan náà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn pátápátá, èkejì fi mítà mẹ́ta ṣíwájú rẹ̀, ẹ̀kẹta fi mẹ́fà, òmíràn tilẹ̀ jìnnà síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe wà yẹn náà ni ìbọn yóò dún. Láti ọdún 1878 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Stawell, ènìyàn ló wo ẹṣin kó tó mọ bí òun yóò ṣe sáré.

Ọdún 1851 ni ariwo góòlù sọ ní Victoria, ọdún náà gan-an tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ kúrò lára New South Wales tó sì dá dúró. Àwọn awakùsà rọ́ wá láti England, Ireland, Scotland àti China. Lọ́dún 1853 ni olùṣọ́ àgùntàn kan rí góòlù létí odò tí wọ́n ń pè ní Pleasant Creek, ibẹ̀ ló sì di ìlú Stawell, tí wọ́n fi orúkọ William Stawell, adájọ́ àgbà Victoria nígbà náà, sọ. Àwọn Djab Wurrung àti Jardwadjali, ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló ni ilẹ̀ tó yí òkè Gariwerd ká, ibi tí ìlú yìí wà. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìgbé ayé ibẹ̀ le. Awakùsà wà nínú ihò, àgbẹ̀ wà lóko, darandaran wà nínú igbó, ó sì lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fojú kanra. Ọjọ́ ìsinmi ló ń kó wọn jọ: ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ ọdún tuntun, ọdún Àjíǹde. Láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, eré ẹṣin ni olórí ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jáde. Wọn á fi òpó igi sàmì sí pápá, onílé ọtí á pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú á dáwó ẹ̀bùn. Ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù láàárín ọ̀sẹ̀ lè di ẹṣin ìdíje lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ẹṣin bá ń sinmi ni àwọn ọkùnrin yóò bọ́ṣọ, tí wọn yóò máa sáré, tí wọn yóò máa fò, tí wọn yóò máa jà ìjàkadì, tí àwọn mìíràn yóò máa fi àáké bá ara wọn díje lórí ìtì igi. Àmúṣeré lásán ni eré ẹlẹ́sẹ̀ méjì níbẹ̀rẹ̀. Ojú ẹṣin ni gbogbo ayé ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọgbọ́n tí wọ́n ń lò fún ẹṣin. Bí ẹṣin kan bá yára ju àwọn tó kù lọ, kò sẹ́ni tí yóò ta tẹ́tẹ́ lórí òmíràn mọ́, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n máa ń di ẹrù lé ẹṣin tó bá lágbára; wọ́n á fi òjé sínú àpò gàárì títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi tó bí wọ́n ṣe pín in. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá Melbourne Cup, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1861. Lọ́dún 1890, nǹkan bíi kílò 66, pẹ̀lú ẹni tó gùn ún àti gàárì, ni wọ́n dì lé ẹṣin kan tó ń jẹ́ Carbine, ẹṣin méjìdínlógójì ló bá a díje, síbẹ̀ òun ló gbẹ̀yẹ.

A kì í di òjé mọ́ ènìyàn lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni pé wọ́n pín ilẹ̀ dípò ìwọ̀n. Ẹni tó mọ eré jù á dúró sí ojú ìlà gan-an. Àwọn tó kù á gba yáàdì díẹ̀díẹ̀ síwájú, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Bí ẹni tó ń pín in bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló yẹ kó dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò yẹn wú mi lórí púpọ̀: àgbẹ̀ tí kò rẹ́ni kọ́ ọ lè díje pẹ̀lú akọni, kí àyà akọni sì já.

Lọ́dún 1876 ni ọkọ̀ ojú irin dé Stawell, tí ará ìlú mìíràn sì lè wá wòran kó tún padà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀, nígbà ọdún Àjíǹde 1878 sì ni wọ́n sá ìdíje àkọ́kọ́, yáàdì 130. William Millard, àgbẹ̀ ni òun náà, ló gba ipò kìíní. Wọ́n pe eré náà ní Gift, ìyẹn ẹ̀bùn, orúkọ náà kò sì yí padà títí dòní.

Ìwà pápá ẹṣin bá a dé inú ilé. Títí di báyìí, ilé ẹṣin ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tí olùkọ́ kan bá ń tọ́. Àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ ń pàtẹ lẹ́bàá pápá. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn níbi eré mìíràn, kí wọ́n lè fún wọn ní ààyè tó pọ̀ ní Stawell; ìdí nìyẹn tí àwọn alábòójútó fi máa ń pe ẹni tó bá ṣàdédé yára wá sọ tẹnu rẹ̀.

Owó tí àwọn sárésáré yìí ń sáré gbà ló jẹ́ kí àwọn ọlọ́lá fojú tín-ín-rín wọn. Lọ́dún 1866, ẹgbẹ́ eré sísá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti lébìrà, yálà wọ́n gbowó tàbí wọn ò gbà. Nígbà tí Òlíńpíìkì dé lọ́dún 1896, ìlẹ̀kùn tì mọ́ ẹni tó bá ti sáré gbowó. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni mo kà á sí. Ọlọ́rọ̀ nìkan ló lè sáré lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn onílẹ̀ náà sáré. Bobby Kinnear, láti àgbègbè Antwerp níbi tí àwọn míṣọ́nnárì tẹ ibùdó Ebenezer dó sí, gba Gift lọ́dún 1883, lábẹ́ òfin tó ń sọ ibi tí ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé. Tom Dancey láti Queensland gbà á lọ́dún 1910. Lynch Cooper, ọmọ ẹ̀yà Yorta Yorta, gbà á lọ́dún 1928. Bàbá rẹ̀ ni William Cooper, tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, tó sì kó èrò lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Jámánì ní Melbourne ní December 1938 láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn Júù.

Ó di ọdún 1975 kí ẹnikẹ́ni tó ti ojú ìlà gan-an borí: Jean-Louis Ravelomanantsoa, ọmọ Madagascar. Ìgbà yẹn, mítà 120 ni eré náà ti dà. Àwọn obìnrin gba Gift tiwọn lọ́dún 1989, owó wọn sì wá dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin lọ́dún 2015.

Lọ́dún 1996, Cathy Freeman, ọmọ onílẹ̀, dúró sí ojú ìlà fún mítà 400. Mítà 54 ni ẹni tó wà níwájú pátápátá fi ṣíwájú rẹ̀. Ó ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí koríko yẹn, gbogbo pápá dìde, kò sì kọjá ẹni tó ṣẹ́kù àfìgbà tí ìlà òpin wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.