Ọmú nìkan kò tó láti dá oyún dúró

Ẹ dé abúlé èyíkéyìí ní Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn, kí ẹ bi abiyamọ tó pọnmọ sẹ́yìn bóyá ó ti ṣètò kankan kí oyún mìíràn má bàa dé. Èsì tí ọ̀pọ̀ wọn máa fún yín ni pé, "Ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, mi ò sì tíì rí nǹkan oṣù mi." Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí oyún bá wá dé lórí ọmọ ọwọ́, àwọn ará ilé á máa fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní sùúrù. Wọn kì í sọ pé ọkọ rẹ̀ náà kò ní.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ọmọ bá ń fa ọmú, ọpọlọ ìyá máa ń gbọ́ ọ, á sì dín àṣẹ tó ń rán sí ibi tí ẹyin ti ń gbó kù. Ẹyin tí kò gbó kò lè di ọmọ. Àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Bellagio, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́dún 1988 fẹnu kò pé nínú 100 obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú bó ṣe yẹ, bóyá ni 2 máa fi lóyún láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Àmọ́ ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù kò tíì padà, ọmú nìkan lọmọ sì ń mu, tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀sán tàbí mẹ́fà lóru kó tó tún mu. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí obìnrin má gbọ́kàn lé ọmú mọ́.

"Ọmú nìkan" yìí gan-an ló máa ń ṣòro lọ́dọ̀ wa. Ìyá ọkọ á wẹ ọmọ tán, á rọ omi sí i lẹ́nu. Inú ọmọ á run, wọ́n á gbé àgbo wá. Bí ìyàwó bá ní nọ́ọ̀sì ti ní kí òun má fún ọmọ lómi, wọ́n á bi í bóyá òùngbẹ ló fẹ́ kó pa ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ á tún dé. Obìnrin tó ń yan gàrí kò lè jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Á fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà pẹ̀lú ògì nínú ìgò, á padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmú tó ti kún gan-an. Gbogbo wákàtí tí ọmọ kò fi fa ọmú yẹn, ara ìyá ń kà á. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ni kò fẹnu kan nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ọmú. Àwọn ìyá tó kù náà ń fọ́mọ lọ́mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń dá oyún dúró.

Ti nǹkan oṣù tí kò tíì dé ló wá léwu jù. Ẹyin ló ń ṣáájú, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹyin àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ lè jáde láìjẹ́ pé obìnrin rí ẹ̀jẹ̀ kankan, bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá sì wà pa pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó lè lóyún. Bí ọmọ bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, èyí túbọ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ni. Obìnrin náà kò ní oṣù tó máa kà. Á ṣì máa rò pé ọmú ni kò jẹ́ kí nǹkan oṣù òun dé, títí ohun kan á fi mira nínú rẹ̀ lóṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Àwọn àgbà á ní: "Àwa ńkọ́? A fọ́mọ lọ́mú fún ọdún mẹ́ta, oyún ò dé." Wọn kò purọ́. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọkọ kò sún mọ́ wọn ní gbogbo àkókò yẹn. Láwọn ọdún 1970, nígbà tí John Caldwell àti Pat ìyàwó rẹ̀ láti Ọsirélíà ṣèwádìí nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n rí i pé àṣà kí abiyamọ yẹra fún ọkọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyàwó lè lọ sílé ìyá rẹ̀, orogún sì wà nílé. Wọ́n ní àtọ̀ ọkùnrin máa ń ba omi ọmú jẹ́, pé á sọ ọmọ di aláìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣiṣẹ́ tó pọ̀. Lónìí, yàrá kan, ìyàwó kan, bẹ́ẹ̀dì kan: yíyẹra náà ti lọ, a sì ń fi iṣẹ́ tó ṣe yin ọmú. N kò ní ká padà sí ọdún mẹ́ta o. Ta ló máa gbà?

Ọ̀nà wà tí kò pa omi ọmú lára. Wọ́n lè fi ohun kékeré oní-kọ́pà sínú ilé ọmọ láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn ìbímọ, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá wà, abẹ́rẹ́ náà wà láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, kọ́ńdọ̀mù sì ń bẹ. Tó bá jẹ́ oògùn oníhóró lẹ fẹ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, nítorí oríṣi kan kò dára fún abiyamọ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì lè má bi yín. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí àwọn ohun ìfètò sọ́mọ bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba owó ìbọ̀wọ́ àti síríńjì. Kò sì pọn dandan kí ará abúlé tún wá owó ọkọ̀ mìíràn torí èyí: ọmọ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Kí ìyá béèrè tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ti ń fura, àyẹ̀wò ìtọ̀ máa sọ òótọ́ fún un. Ọmú kì í yí èsì rẹ̀ padà. Bí oyún bá sì wà, kí wọ́n má fi ìbẹ̀rù já ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ náà pé omi ọmú ti di májèlé. Kò di májèlé. Ó kàn lè máa dín kù bí oyún ṣe ń dàgbà ni. Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ fi ẹyin àti ẹ̀wà kún ògì rẹ̀, kó máa mu èyí tó bá rí, kí ìyá sì tètè lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún.