Kí ni owó ilé rà fún ayálégbé?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ayálégbé, ẹni tó yá ilé gbé. Bí mo bá yá owó lọ́wọ́ yín, tí ọjọ́ àdéhùn kò sì tíì pé, owó yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè wọ yàrá mi lọ tú àpò mi kí ẹ lè mú un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé rí. Lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni ilé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ilé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Onílé ló ni ín, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá ṣì ń lọ, ìkáwọ́ ayálégbé ló wà. Ìkáwọ́ yìí ni owó ilé rà.

Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀tọ́ yòókù ti yọ. Onílé tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé nígbà tó bá wù ú, kódà kó jẹ́ pé òrùlé lásán ló fẹ́ wò. Ní England, òfin ọdún 1985 ní kí onílé tó bá fẹ́ yẹ ilé wò kọ̀wé sí ayálégbé, ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Bí iná bá ń jó, ìyẹn yàtọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò dúró kọ lẹ́tà.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti gbèsè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ayálégbé bá ti jẹ owó ilé, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́: onílé lè gé iná, kó ti omi pa, kó pààrọ̀ àgádágodo, kó da ẹrù síta. Rárá o. Gbèsè fún onílé lágbára láti gbé ayálégbé lọ sí kóòtù, ibẹ̀ ló mọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde, ẹjọ́ a tẹ̀ lé e, àwọn tí kóòtù bá rán nìkan ló sì lè lé ènìyàn jáde. Iye ọjọ́ tí ìkìlọ̀ ń gbà kò dọ́gba níbi gbogbo. Òfin ọdún 2011 ti Ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní oṣù 6, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ iye mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó gba ìwé ìkìlọ̀ kò tíì pàdánù ilé. Kó fara balẹ̀ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ojúṣe ayálégbé kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fojú fò: kó sanwó lásìkò, kó má wó ògiri, kó má sì fi ilé háyà fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Òrùlé, ògiri, páìpù àti wáyà sábà máa ń jẹ́ ti onílé láti tún ṣe, àmọ́ kò lè tún ohun tí kò mọ̀ pé ó bàjẹ́ ṣe. Bí omi bá ń kán láti àjà, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ ní kíkọ. Ẹni tó dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta títí àjà fi jìn lè bá ara rẹ̀ nídìí ìnáwó náà.

Owó ìdógò ló kù, èyí tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó lè bàjẹ́. Ní Jámánì, òfin kò jẹ́ kó ju owó ilé oṣù 3 lọ. Gbígbó àti bíbàjẹ́ ni àríyànjiyàn rẹ̀ máa ń dá lé. Ọ̀dà tí oòrùn pa dà láwọ̀ gbó ni. Kò sẹ́ni tó yẹ kó yọwó nítorí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ta nípàá tó fọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ má baà di "ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dé", ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó kó àga kankan wọlé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ kan náà.