Òróró tó ní oró: kí ló ń fi DNA inú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn ṣe?

Òróró wo là ń sọ?

Òróró inú hóró Argemone mexicana ni. Agbègbè Mẹ́síkò ni ewéko yìí ti ṣẹ̀ wá, ó ti wà nílẹ̀ wa náà, àwa ń pè é ní máfọwọ́kan-ọmọ-mi. Ẹ̀gún ló bo èso rẹ̀, hóró dúdú kéékèèké ló sì wà nínú èso náà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn lójú inú o: inú "ọmọ" gan-an ni oró wà.

Ta ló wá ń jẹ ẹ́?

Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́. Òróró mọ́sítádì ni ọ̀pọ̀ ilé ní Íńdíà fi ń se oúnjẹ, hóró rẹ̀ sì jọ ti Argemone. Wọ́n lè dàpọ̀ láti oko, oníṣòwò sì lè fi èyí tó pọ́ọ́kú lú èyí tó wọ́n. Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún tó láti dá àìsàn sílẹ̀. Ní Delhi lọ́dún 1998, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dèrò ilé ìwòsàn, àwọn bí 60 sì kú. Ẹsẹ̀ ń wú, mímí ń nira, ojú àwọn mìíràn ń di bàìbàì.

Ẹsẹ̀ wíwú àti DNA, kí ló pa wọ́n pọ̀?

Sanguinarine lorúkọ oró náà. Ó ń dí iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ti iyọ̀ jáde lọ́wọ́, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ń jò. Ibẹ̀ ni wíwú ti wá. Ṣùgbọ́n oró náà tún rí pẹlẹbẹ. DNA, ohun tó gbé ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì dání, dà bí àkàbà tí a lọ́ bí okùn, oró yìí sì lè yọ́ wọ àárín igi ìdábùú méjì, kó há síbẹ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, ó ní láti la àkàbà náà kó tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tó há síbẹ̀ ló ń gbé e lulẹ̀. Nínú eku tí wọ́n fún ní òróró yìí, wọ́n rí DNA tó ti já nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe?

Wọ́n ń gún eku ní thymidine, ọ̀kan lára ohun tí DNA tuntun fi ń di odidi, ṣùgbọ́n tí hydrogen onítànṣán wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ka ìtànṣán inú DNA ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan: bí iye rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀dà tuntun ṣe pọ̀ tó.

Ṣé ó wá dáa bí iye náà bá gòkè?

Ibí yìí ló ti ń tan èèyàn jẹ. Mùdùnmúdùn kì í sinmi, ojoojúmọ́ ló ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun, nítorí náà bí iye bá já wálẹ̀ níbẹ̀, wàhálà ni. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pín. Bí oró bá pa lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àwọn tó kù á jí láti dí àlàfo, iye á sì gòkè. Ẹni tó bá wo iye nìkan á ní ẹ̀dọ̀ ń ta kébékébé, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ ló ń dí.

Òróró ewéko mìíràn, Croton tiglium, tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. Fi pa awọ eku, sẹ́ẹ̀lì awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà DNA wàràwàrà. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní phorbol ester ló ń sọ fún un pé kó máa pín láìnídìí. Bí ohun mìíràn bá ti ba DNA awọ náà jẹ́ ṣáájú, kókó jẹjẹrẹ lè yọ. Irú èròjà yìí wà nínú lápálápá tí à ń fi ṣọgbà náà.

Ṣé èèyàn lè dá òróró Argemone mọ̀ nínú ìgò?

Ojú lásán kò tó o. Ní ilé àyẹ̀wò, ásíìdì náítíríkì ni wọ́n ń pò mọ́ ọn: bí ásíìdì náà bá pọ́n rúsúrúsú, àdàlù ti wà nínú rẹ̀.