Láti ẹnu akọrin Ẹ̀fẹ̀ dé etí olùgbọ́: bí orin lossless ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá wọ ibi ètò Apple Music, Deezer tàbí Spotify lórí fóònù rẹ̀ yóò rí i pé orin kan náà lè wá ní oríṣiríṣi ìpele: èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ga, àti èyí tí wọ́n kọ lossless sí lára. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Àjàṣẹ́ ló máa ń tẹ lossless lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni adùn wà. Kò ní pẹ́ tí mẹ́gà tí wọ́n rà á fi tán, ohùn tó ń jáde nínú écouteur wọn kò sì ní yàtọ̀ sí ti àná. Kò sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ. Ìlérí kan ṣoṣo ni lossless ṣe: nọ́ńbà tí ilé ìgbohùnsílẹ̀ fi ránṣẹ́ ni yóò dé inú fóònù, láìku ẹyọ kan. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ohùn náà ṣáájú, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá dé fóònù, kò sí nínú ìlérí yẹn.

Nígbà tí akọrin Ẹ̀fẹ̀ bá gbé ohùn sókè ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, afẹ́fẹ́ iwájú ẹnu rẹ̀ á máa gbọ̀n, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú makirofóònù á sì máa bá a gbọ̀n. Makirofóònù á sọ gbígbọ̀n yẹn di iná mànàmáná tó ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ á wá máa wọn gíga iná náà léraléra, á sì máa kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá wọ̀n ọ́n. Lórí CD, tí Philips àti Sony gbé jáde ní 1982, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí ọmọ ènìyàn tó ṣì jí pépé ń gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti bíi ìgbà 20 títí dé bíi ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣirò tí orúkọ Harry Nyquist àti Claude Shannon so mọ́ sì fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ mú ohùn kan lódindi ní láti wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tó ń gbọ̀n lọ. Ìdí nìyẹn tí 44,100 fi tó.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórí CD gba bíìtì 16 (bíìtì kan jẹ́ 0 tàbí 1), ìyẹn ni pé gíga tó lè kọ sílẹ̀ jẹ́ oríṣi 65,536. Pa apá òsì pọ̀ mọ́ apá ọ̀tún, ó di bíìtì 1,411,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Orin tó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin á gba bíi mẹ́gà 42.

Ẹrù yẹn wúwo jù fún íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ọdún 1990. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì, tí Karlheinz Brandenburg jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, wà lára àwọn tó wá ọ̀nà àbáyọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí MP3. AAC, Ogg Vorbis àti Opus tẹ̀lé e. Àìlera etí ni gbogbo wọn gùn lé. Ohùn ńlá máa ń bo ohùn kékeré tó bá wà nítòsí rẹ̀ mọ́lẹ̀, débi pé ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé kékeré náà wà níbẹ̀ rí. Ètò MP3 á gé orin sí wẹ́wẹ́, á yẹ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan wò kí ó lè mọ ohùn tó fara pamọ́ sẹ́yìn òmíràn, á wá jù ú nù tàbí kí ó kọ ọ́ ṣákálá. Orin mẹ́gà 42 yẹn á wálẹ̀ sí bíi mẹ́gà 10 ní kílóbíìtì 320 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àti sí bíi 4 ní kílóbíìtì 128. Ohun tí ó bá jù nù kò tún padà wá mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohùn ni èyí ń pa lára bákan náà. Ohùn tó rọra ń lọ àti ìlù tó rọlẹ̀ máa ń fara dà á. Ohun tó ń fi àṣìṣe náà hàn ni ohùn tó mú, tó sì dún gbà lójijì, irú èyí tó kún inú orin ilẹ̀ wa. Nínú Adjogan, orin ààfin Àjàṣẹ́, wọ́n máa ń mú kí àwọn òrùka irin ara ọ̀pá alounloun ró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá fún irú ohùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí kílóbíìtì 96 tàbí 128, ìró irin náà á di ṣìì-ṣìì bí ẹni pé omi wọ inú rẹ̀, eruku ohùn kékeré kan á sì máa ṣáájú ìgbà tí òrùka ró gan-an. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ṣaworo ẹsẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ń jìyà bẹ́ẹ̀. Ní kílóbíìtì 256 tàbí 320, ọ̀ràn yàtọ̀: tí a kò bá sọ èwo ni èwo, ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti CD. Ó yẹ kí ẹni tó ń ná owó lórí mẹ́gà mọ èyí.

FLAC, ọ̀kan nínú irú fáìlì lossless, tí Josh Coalson gbé jáde ní 2001, gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Kò bìkítà nípa ohun tí etí lè gbọ́ tàbí èyí tí kò lè gbọ́. Nọ́ńbà nìkan ló ń wò. Ká ní nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn báyìí: 1000, 1003, 1007, 1010. Ó lè kọ 1000 sílẹ̀, kí ó wá fi 3, 4, 3 tẹ̀lé e, torí nọ́ńbà kékeré kì í gba àyè púpọ̀. Bí FLAC ṣe ń ṣe é gan-an jinlẹ̀ ju èyí lọ díẹ̀: á fi àwọn nọ́ńbà tó ti kọjá sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí èyí tó ń bọ̀ yóò jẹ́, á sì kọ iye tí àsọtẹ́lẹ̀ náà fi kùnà sílẹ̀. Níbi tí apá òsì àti apá ọ̀tún bá ti jọra, á kọ ọ̀kan pẹ̀lú ìyàtọ̀ àárín wọn dípò kí ó kọ méjèèjì lódindi. Nígbà tí fóònù bá fẹ́ lu orin náà, á sọ irú àsọtẹ́lẹ̀ kan náà, á fi iye ìkùnà yẹn kún un, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀rẹ̀ á sì jáde gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà. Ètò tó ṣe fáìlì náà tún máa ń kọ àmì ìdánimọ̀ kan sínú rẹ̀, tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan kan ti yí padà.

Ohùn tó rọrùn láti sọ tẹ́lẹ̀, bí i ti ẹnì kan tó ń kọrin láìsí ìlù, máa ń kéré gan-an nínú FLAC. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, nítorí náà fáìlì rẹ̀ á tóbi. Ohùn kan náà tó ń dààmú MP3 ló ń dààmú FLAC. Ṣùgbọ́n adùn ni MP3 fi ń san gbèsè náà, mẹ́gà ni FLAC fi ń san án. Lápapọ̀, orin mẹ́gà 42 wa á wá sí bíi 21 sí 30. ALAC tí Apple ṣe ní 2004 ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́nà tó jọ ọ́.

Qobuz àti Deezer, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 2007, pẹ̀lú Tidal, ti ń ta lossless tipẹ́. Amazon wọ̀ ọ́ ní 2019, Apple Music ní oṣù kẹfà 2021 láìfi owó kún un. Spotify kéde tirẹ̀ ní 2021 kan náà, àmọ́ ó di oṣù kẹsàn-án 2025 kó tó dé ọwọ́ àwọn tó ń sanwó. Àwọn kan ń gòkè dé bíìtì 24 àti ìgbà 192,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìwọ̀n yẹn wúlò fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń tún un ṣe. Fún ẹni tó jókòó tó ń gbọ́, ti CD tó.

Orin kì í dé fóònù lódindi. Ètò orin á máa gbà á ní ègé-ègé láti orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, á sì máa tọ́jú díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú èyí tó ń lù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá já má bàa dá orin dúró. Èyí tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè á gba okùn abẹ́ òkun bí SAT-3 àti ACE, tí àwọn méjèèjì jáde sílẹ̀ ní Kútọnu, kí ó tó gba orí òpó fóònù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ṣábẹ. Tí òpó bá rẹlẹ̀, tí ètò náà sì wà lórí àyípadà-fúnra-rẹ̀, á bọ́ sí ìpele tó kéré láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wákàtí kan ní kílóbíìtì 320 á jẹ mẹ́gà 144. Lossless ti CD á jẹ bíi 400. Ti ìgbà 192,000 lè kọjá gígà 2. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a wa orin náà sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi wà, kí a sì fi ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sí ìpele àárín. Àyè méjèèjì yàtọ̀ síra nínú ètò.

Inú fóònù ni lossless púpọ̀ ti ń kú. Bluetooth lásán kò ní àyè tó gbà á, nítorí náà fóònù á tún fún orin náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́nà ìfúnpọ̀ bíi SBC tàbí AAC, kó tó ta á sí écouteur. LDAC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ Bluetooth ti Sony, ń gòkè dé kílóbíìtì 990, síbẹ̀ ó ń jù díẹ̀ nù. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé AirPods kò lè gba lossless lórí Bluetooth. Okùn ló ń gbà á. iPhone kò ní ihò écouteur mọ́ láti 2016, ṣùgbọ́n ohun ìsopọ̀ kékeré tí Apple ń tà fún un lè gbé bíìtì 24 ní ìgbà 48,000. Ọ̀pọ̀ Android máa ń yí 44,100 padà sí 48,000 kó lè pò ó mọ́ ìró ìpè àti ti ìfiránṣẹ́. Android 14 ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ohùn láti gba okùn USB jáde láìyí padà.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á fi fóònù ya fídíò òru Ẹ̀fẹ̀, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹlòmíràn á yọ ohùn rẹ̀ di MP3, wọ́n á dà á sórí kátì, nígbà tó bá yá ẹnì kan á sọ ọ́ di WAV, irú fáìlì tí a kì í sábà fún pọ̀, á sì gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ orin. Orí ìkànnì lè kọ lossless sí i lára, kò sì purọ́: gbogbo ìbàjẹ́ tó ti bá ohùn náà lọ́nà ló dé láìku ẹyọ kan. A lè rí i pẹ̀lú ojú. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Spek máa ń ya àwòrán ohùn. Fáìlì tó ti kọjá nínú MP3 kílóbíìtì 128 sábà máa ń dópin ní ohùn tó ń gbọ̀n bíi ìgbà 16,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, òkè rẹ̀ á dúdú kirikiri.

UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú láti 2001. Ohùn àwọn àgbà tó ń kọ ọ́ kò yẹ kó wà lórí WhatsApp nìkan. Kí a gbà á sílẹ̀ ní WAV, bíìtì 24, ìgbà 48,000. Bíìtì 24 wúlò níbí, torí akọrin lè sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó sì ké lójijì. Kí a fi ìwọ̀n ohùn sí ìsàlẹ̀ tó, kí igbe yẹn má bàa kan àmì pupa, nítorí ohun tó bá gé níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Fáìlì àkọ́kọ́ ni kí a pamọ́, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a fún ènìyàn, tó bá sì jẹ́ orí WhatsApp ni yóò gbà, kí a fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kí ó lè dé bó ṣe wà. Wákàtí kan irú ohùn bẹ́ẹ̀ gba bíi gígà 1, FLAC á sì dín in kù láìyọ nǹkan kan kúrò. Kátì gígà 32 kan á gba Ẹ̀fẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀, àyè á sì ṣẹ́kù fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kejì.