Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Owó Pákó Igi Líle Tó Ń Wọ Ṣáínà àti Amẹ́ríkà Wéra

Tí wọ́n bá ya gíráàfù owó pákó igi líle tí Ṣáínà àti Amẹ́ríkà ń kó wọlé lọ́dọọdún, ojú máa ń sáré lọ sórí ìlà tó ga jù. Àmọ́ ohun tí ìlà méjèèjì ń kà lè máà jẹ́ ọ̀kan náà o, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kóòdù ni ká kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ ọjà: gẹdú wà lábẹ́ 4403, pákó tí wọ́n ti là tó sì nípọn ju mìlímítà 6 lọ wà lábẹ́ 4407. Nínú 4407 yẹn, 4407.1 ni igi rírọ̀ bíi pine, 4407.2 ni igi líle ilẹ̀ olóoru, 4407.9 ni oak, maple àtàwọn tó kù. (Wọn kì í fọwọ́ tẹ igi wò kí wọ́n tó pín in, irú igi tó jẹ́ ni wọ́n ń wò, ìdí nìyẹn tí balsa tó fúyẹ́ gan-an fi wà láàárín igi líle.) Wọ́n sì máa ń tún kóòdù yìí tò. Birch àti poplar gba nọ́ńbà tiwọn lọ́dún 2017, teak gba tiẹ̀ lọ́dún 2022, inú "àwọn yòókù" ni gbogbo wọn wà tẹ́lẹ̀, torí náà ẹni tó bá ń tẹ̀ lé "àwọn yòókù" nìkan máa rò pé ọjà ṣubú, nígbà tó jẹ́ pé bí ọmọ tó kó láti yàrá kan sí ìkejì ni, inú ilé náà ló ṣì wà. Kí wọ́n kúkú ro gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Owó gan-an ńkọ́? Ṣáínà máa ń ka owó ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì mọ́ owó ọjà, CIF ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, iye tó sábà máa ń gbé jáde ò ní ìyẹn nínú. Nígbà tí owó kọ̀nténà fò sókè lọ́dún 2021, ìlà CIF á gòkè láì jẹ́ pé pákó kan ṣoṣo lé sí i. Ó dára pé Amẹ́ríkà tún ń kọ iye CIF sílẹ̀, òun ni kí wọ́n mú. Owó ibodè ò sí nínú èyíkéyìí, bíi èyí tí Ṣáínà fi lé pákó Amẹ́ríkà ní September 2018, àmọ́ ó lè mú kí àwọn oníbàárà dín ohun tí wọ́n ń rà kù.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jù ni pé owó kì í ṣe igi. Pákó igi rọ́bà láti Thailand wọ́pọ̀ gan-an nínú ohun tí Ṣáínà ń rà, igi yẹn ò wọ́n. Amẹ́ríkà ní oak àti maple tiẹ̀ nílé, ó sì ń ra àwọn bíi ipe láti Bràsíl tí wọ́n fi ń ṣe pèpéle ìta, ìyẹn sì wọ́n dáadáa. Tí wọ́n bá pín owó sí kúbíkì mítà, ìgbà yẹn ni wọ́n á mọ̀ bóyá igi ló pọ̀ sí i tàbí owó igi ló lọ sókè.

Gẹdú náà ò ṣeé fojú fò. Gàbọ́n fòfin de kíkó gẹdú jáde lọ́dún 2010, àwọn tó ń ra gẹdú lọ́wọ́ rẹ̀, bíi Ṣáínà, wá ń ra pákó, owó kúrò ní 4403 bọ́ sí 4407. Ìlà pákó Ṣáínà á gòkè níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ igi kan náà.

Tí ọdún tí wọ́n ń wò bá gùn, wọ́n á yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò, torí dọ́là 2000 kọ́ ni dọ́là 2022, wọ́n á wá mú ọdún kan náà, wọ́n á sọ iye owó ọdún yẹn di 100 fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, kí wọ́n lè fi wọn ọdún tó kù. Ìyẹn ń fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yára dàgbà hàn, kò sọ ẹni tó ń rà jù.