Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín: iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́, àti bí kánsù ìgbèríko ṣe dé ibi tó wà lónìí

"Alága la mọ̀. Kí ni kánsẹ́lọ̀ wà fún?" Ìbéèrè yìí ni àwọn ará abúlé máa ń bi mí jù lọ nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ kánsẹ́lọ̀, wọ́n sì tún ń bi mí báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Alága ni wọ́n ń rí nínú ọkọ̀ ìjọba, òun ló ń pín ajílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin, alága kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ná owó kánsù bí àwọn kánsẹ́lọ̀ kò bá tíì jókòó kí wọ́n sì fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún náà. Àwọn tí ẹ dìbò yàn láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í sábà ju mẹ́wàá sí ogún lọ, àwọn ló ni àṣẹ yẹn.

Kánsù ìgbèríko ni mò ń sọ, irú èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ayétẹ̀ ní Ìbàràpá, ní Tedé ní Òkè-Ògùn, tàbí ní Ìrẹ́sà-Adú lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Kánsù Ìkẹjà lè rí owó lára ṣọ́ọ̀bù àti ilé ńláńlá. Tiwa, owó ọjà, owó gáréèjì àti owó odò ẹran ló ní, ìyókù di ohun tó bá ti Àbújá wá. Bí àwọn tó yẹ kó ṣọ́ owó náà bá sùn, ará oko ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Kò sí ìbò nínú ìbẹ̀rẹ̀ kánsù nílẹ̀ wa. Kí òyìnbó tó dé, ọba kì í dá ìlú ṣe: Ọ̀yọ́ Mèsì wà ní Ọ̀yọ́, Ògbóni wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọn ìjòyè tó lè wo ojú ọba kí wọ́n ní rárá. Nígbà tí Lugard, gómìnà òyìnbó, so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, ó gbé ìlànà tó ti lò ní ilẹ̀ Hausa wá bá wa, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1916. Wọ́n fi ọba tàbí olóyè ṣe aláṣẹ, ajẹ́lẹ̀ ń tì í lẹ́yìn, àwọn tó máa ń ká ọba lọ́wọ́ kò tẹ́lẹ̀, wọn kò rí àyè mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn gan-an, Òkèihò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba. Ní 1918, nígbà tí owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó ń bínú sì hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ló wá fi hàn kedere pé ìlànà yìí kò lè pẹ́. Ìjọba fi Aláké nìkan ṣe aláṣẹ, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, obìnrin kan ṣoṣo kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí owó náà yóò ṣe. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ síwájú ààfin láti 1947. Nígbà tó di oṣù kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń gbé ní Òṣogbo. Wọ́n pa owó orí obìnrin rẹ́, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo ìyálọ́jà mọ ìtàn yìí, torí pé ní ọ̀pọ̀ kánsù tí mo mọ̀ lónìí, ẹ lè ka gbogbo kánsẹ́lọ̀ láti orí dé ìdí láì rí obìnrin kan.

Kánsù tí a mọ̀ yìí, tí aráàlú ń dìbò yàn, òfin Ìwọ̀-Oòrùn ti 1952 ló bí i. Awólọ́wọ̀ ni mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà. Òfin náà ní kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n dìbò yàn, kí ìyókù jẹ́ ọba àti ìjòyè. Iṣẹ́ ńlá bọ́ sí wọn lọ́wọ́: ọ̀nà, ọjà, ilé ìwòsàn kéékèèké, kóòtù ìbílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ilé ìwé kánsù ń hù káàkiri. Àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí L.A. (Local Authority) ṣì wà nínú orúkọ wọn dòní, kánsù ìgbà náà ló ni wọ́n. Àwọn àgbà kò gbàgbé wólé-wólé pẹ̀lú aṣọ kákí rẹ̀: yóò ṣí ìkòkò omi yín, yóò bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, bó bá sì rí tanwíji tó ń jó nínú omi, ẹ ti dé kóòtù nìyẹn. Àwọn èèyàn bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n àyíká mọ́.

Òṣèlú ló ba àwọn kánsù náà jẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá wà nípò ń fi owó orí àti àkódà ni àwọn tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀ lára. Nígbà tí ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n tú àwọn kánsù ká, àwọn tí ìjọba yàn ló ń dá ṣe é. Owó orí kò sì dín kù, nígbà tí kòkó àgbẹ̀ kò mówó wọlé mọ́. Ohun tó bí Agbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ní 1968 nìyẹn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó rọ̀, owó orí sì já wá sí pọ́n-ùn 2. Nínú ohun tí àwọn àgbẹ̀ yẹn ń bèèrè, ọ̀nà oko wà níbẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀nà oko kan náà ni àwọn ará abúlé ṣì ń bá kánsù sọ.

Àtúntò 1976 sọ gbogbo kánsù Nàìjíríà di bákan náà, owó ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé fún wọn. Ní 1991 ni wọ́n ya alága sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbìmọ̀: aráàlú ń dìbò yan alága láti ṣe ìṣàkóso, wọ́n ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀ láti ṣòfin. Nígbà tó fi máa di 1996, kánsù ti di 774. Iye yẹn náà ló wà nínú ìwé òfin 1999, tó sọ ní abala keje pé kánsù tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ ni abala 162. Ìpín kánsù nínú àpò ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ìwé òfin ní kí ó gba inú àkáǹtì kan tí ìpínlẹ̀ àti kánsù jọ ní. Kí owó tó kúrò níbẹ̀, wọn á ti yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, àti ti àwọn lọ́balọ́ba. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni kánsù ń rí, nígbà mìíràn kì í ju owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ. Lórí èyí náà, àwọn gómìnà kan máa ń tú kánsù ká, wọ́n á sì fi alága fìdíhẹ sípò. Ní Ọ̀yọ́, àwọn tí wọ́n tú ká ní oṣù karùn-ún 2019 pe ẹjọ́ títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre ní oṣù karùn-ún 2021, ó ní kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà sọ ọ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀: kí owó kánsù máa lọ sọ́dọ̀ kánsù tààrà, kí gómìnà má sì fi ẹni tí aráàlú kò yàn jẹ alága.

Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bí owó bá dé tààrà sọ́wọ́ alága tí àwọn kánsẹ́lọ̀ rẹ̀ kì í jókòó, ọ̀nà tí owó ń gbà lọ nìkan la yí padà. Ẹ tún wo ìbò kánsù: ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀, ẹgbẹ́ tó wà nípò ló ń kó gbogbo ìjókòó. Ta ni yóò wá béèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀? Àfi bí ẹ̀yin tó wà nílé bá ń béèrè.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yín ṣe lè wọ inú ìjókòó? Ẹ fojú inú wo yàrá kan tí kò tóbi, ọ̀pá àṣẹ lórí tábìlì, olórí àwọn kánsẹ́lọ̀ níwájú, akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá, lẹ́yìn náà àbá á bẹ̀rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kan dìde, ó ní "ọ̀nà wọ́ọ̀dù mi kò dára". Ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, gbogbo ilé gbà, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà gbogbo wọ́ọ̀dù ni kò dára. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dìde, ó ní òjò ti gbé kọ́fátì tó wà láàárín abúlé méjì kan lọ, ó dárúkọ wọn, ó ní ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ilé gààrí kò lè kọjá mọ́, wọ́n ń fi ọ̀kadà rù ú, iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ rèé, iye tí wọ́n ń san báyìí rèé. Wọ́n á ní kí ẹ́ńjíníà ẹ̀ka iṣẹ́ lọ wọn ibẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjíníà bá ti kọ iye tó máa ná wọn sínú ìwé, ó ti ní ibi tí yóò wọ̀ nínú ètò ìṣúná. Gbogbo ohun tí kánsẹ́lọ̀ kejì yẹn sọ, ará abúlé ló kọ ọ́ fún un.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ará oko mọ̀ ni ti ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún kánsù lágbára láti fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro. Fún oko dídá, kánsù kò lè kọjá hẹ́kítà 500 fún ẹnì kan láìgba àṣẹ gómìnà. Fún ibi tí ẹran máa jẹko, 5,000. Ilẹ̀ tó tóbi tó odindi ìlú nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ gba ilẹ̀ púpọ̀ lágbègbè yín, ẹ má dúró sí ààfin nìkan. Ẹ dé kánsù, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀wé béèrè fún un, kí kánsẹ́lọ̀ yín sì gbé e dìde ní ìjókòó.

Ti owó ọjà rọrùn. Ẹ máa gba rìsíìtì, kí orúkọ kánsù àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi okùn dí ojú títì gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó kó iṣu ń ṣe ohun tí òfin 1998 lórí owó orí kọ̀ pátápátá, ìbáà jẹ́ kánsù ló rán an.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ sí kánsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ẹ sọ ibi tí nǹkan náà wà gan-an, àwọn abúlé tó kàn, àti ohun tó ń ná yín. Kí baálẹ̀, ìyálọ́jà àti olórí àwọn ọlọ́kadà fọwọ́ sí i, torí kánsẹ́lọ̀ á rí i pé ìbò wà nínú orúkọ mẹ́ta yẹn. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ẹ mú ẹ̀dà tiyín dání, kí ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára níwájú yín. Bí àbá náà kò bá wọlé, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ máa gbé síwájú olórí àwọn kánsẹ́lọ̀, ẹ ó sì ní kó fi hàn yín nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó, ọjọ́ tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yín àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́.